Fóònù Inú Ọkọ̀ Dókítà

Ìpè fóònù ló gbé ọkọ̀ Dókítà wọ gọ́tà.

Kì í ṣe dókítà èèyàn o. Dókítà ẹran ni, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tí òórùn màlúù kì í sì í kúrò lára aṣọ rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àgbẹ̀ kan pè é pé màlúù òun ń rọbí, ọmọ ò sì jáde. Dókítà fi ọwọ́ kan gbé fóònù sétí, ó fi ọwọ́ kejì di sítíárìn mú, ó ń ṣàlàyé bí àgbẹ̀ náà yóò ṣe fa ẹsẹ̀ ọmọ jáde. Ọ̀nà yà, òun ò yà. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, táyà iwájú méjèèjì ti wà nínú gọ́tà, àgbẹ̀ ṣì ń béèrè lórí fóònù pé, "Dókítà, ṣé kí n fà á báyìí?"

Nǹkan kan ò ṣe é ju pé iwájú orí rẹ̀ wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, wọ́n káwọ́ lérí. Ọmọ kan ṣoṣo ni Dókítà jẹ́ fún wọn, àwọn nìkan ni wọ́n sì dá tọ́ ọ láti kékeré.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni Màmá wí. "Tó ò bá lọ ṣe fóònù tí wọn kì í fọwọ́ dì mú yẹn sínú ọkọ̀ rẹ, má gbé ọkọ̀ náà wá sílé mi mọ́. Kó o máa fẹsẹ̀ rìn wá."

Báyìí ni Dókítà ṣe dé ìsọ̀ Bàbá Oníná.

Ìsọ̀ náà ò tóbi. Òrùlé páànù kan ni, tí òpó irin gbé dúró, pẹ̀lú tábìlì gígùn kan àti ògiri tí wọ́n kan ìṣó sí látòkè délẹ̀. Wáyà ló wà lára àwọn ìṣó náà, pupa lọ́dọ̀ pupa, dúdú lọ́dọ̀ dúdú. Bàbá Oníná fúnra wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi aṣọ nu dígí ojú wọn. Iná ọkọ̀ ni wọ́n ti ń tún ṣe láti ìgbà èwe wọn. Dókítà kí wọn, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún wọn láti orí dé ìdí. Bàbá gbọ́ ọ tán pátápátá, wọ́n wá fi ẹnu júwe ọkọ̀ kan tí ẹsẹ̀ méjì yọ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ojú mi ò rí wáyà tín-ín-rín mọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ bá ẹlẹ́sẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́sẹ̀ jáde. Obìnrin ni. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó fi aṣọ pélébé kan di irun rẹ̀, ó sì fi eyín di wáyà mú. Sísí Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Bàbá Oníná ni. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú wọn dáadáa, abẹ́ òrùlé páànù yìí ló sì dàgbà sí.

Ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu. "Ẹ káàsán sà. Kí ló ṣe ọkọ̀ yín?"

Gbogbo àlàyé tí Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún Bàbá ti pòórá lórí rẹ̀. "Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀," ló dáhùn. "Èmi ni nǹkan ṣe."

Bàbá Oníná rọra yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Sísí náà rẹ́rìn-ín tẹ́rùn nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. "Kò le rárá. Àpótí dúdú kékeré kan ló máa wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Máìkì á wà lókè níbí, ní ọ̀kánkán ẹnu yín. Fóònù á jókòó sí àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Bí ìpè bá wọlé, rédíò á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ó kàn tẹ ibi kan, ẹ ó sì máa sọ̀rọ̀. Ọwọ́ yín méjèèjì á wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó lè wo ibi tí wáyà máa gbà. Nǹkan kan wò ó padà látinú ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?"

"Aláìsàn mi ni," ni Dókítà wí. Ọmọ ewúrẹ́ kan ni, wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kì í ṣe oníjàngbọ̀n rárá."

Sísí tú rédíò jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fa wáyà pupa lọ sídìí bátìrì. Ó fi òmíràn mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ti ń gbé iná. Èyí tó dúdú, ó ha ọ̀dà kúrò lára irin ọkọ̀ kó tó dè é mọ́ ọn. Dókítà ló bá a tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Iná tọ́ọ̀ṣì náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí wáyà, ó ń gòkè bọ̀ síbi ojú Sísí.

"Dókítà."

"Ẹ̀ẹ̀n?"

"Ibi tí mò ń wò ni kẹ́ ẹ tan iná sí. Mi ò so wáyà kankan mọ́ ojú mi."

Ìtìjú bò ó, ó gbé tọ́ọ̀ṣì fún un, ó ní òun fẹ́ lọ fún ewúrẹ́ lómi. Ìgbà tó wà níta lọ́dọ̀ ewúrẹ́ ni Sísí dá rédíò padà sáyè rẹ̀, ó tàn án wò, fóònù sì dún. Rédíò dákẹ́ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Inú Sísí dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó tẹ bọ́tìnnì kó tó ronú. Ohùn obìnrin àgbà kan gba gbogbo inú ọkọ̀.

"Ṣé o ti lọ ṣe é, àbí o ṣì ń tàn mí?"

"Ẹ káàsán mà," ni Sísí wí. "Dókítà ń fún ewúrẹ́ lómi níta. Èmi ni mò ń bá wọn ṣe fóònù."

Ẹnu ya obìnrin náà. "Irú ohùn wo rèé? Ọmọ, ṣé ọ̀rọ̀ lò ń sọ ni àbí orin lò ń kọ? Etí òsì mi kì í gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ ketekete."

"Ẹ ṣé mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, kí n lè mọ̀ bóyá ohùn yín ń ró padà."

"Ọ̀rọ̀ ò wọ́n lẹ́nu mi. Ìyá ẹ̀ ni mí. Tó bá jẹ́ pé fóònù lò ń ṣe, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi. Ọmọ yìí ra fóònù fún mi, mo sì ní mo mọ̀ ọ́n lò. Irọ́ gbuu ni mo pa. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ èèyàn pamọ́ sínú ẹ̀. Fún mi ní nọ́ńbà ẹ. Má sì sọ fún un o! Yẹ̀yẹ́ ló máa fi mí ṣe dọdún."

Sísí fún wọn ní nọ́ńbà, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Ó rò pé eré lásán ni. Kò mọ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, Màmá yóò máa pè é léraléra. Wọ́n pè é nítorí orúkọ tó sọnù. Wọ́n pè é nítorí fóònù tó ń gbọ̀n dípò kó dún. Nígbà tó yá, wọ́n ń pè é láìsí ìdí kan, kí wọ́n lè sọ fún un pé ọ̀bọ ni ẹni tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé àwọn. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Olóhùn-iyọ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sínú fóònù, òun náà ni wọ́n sì ń pè é. Sísí tí kò rí ìyá bá sọ̀rọ̀ rí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tábìlì iṣẹ́ sílẹ̀ ní kíákíá tí fóònù rẹ̀ bá ti dún.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Dókítà. Ọjọ́ kejì pàá ló tún dé, pẹ̀lú okùn máìkì tí wọ́n ti jẹ tán.

"Ẹ ní kì í ṣe oníjàngbọ̀n," ni Sísí wí.

"Ebi ló pa á."

Sísí fi wáyà tuntun sí i, ó gbé e gba òkè lọ síbi tí ẹnu ewúrẹ́ ò lè dé. Dókítà dúpẹ́, ó lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ti dé. Ó ní ewúrẹ́ náà tún ti jẹ ẹ́. Sísí wọ inú ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, ó mú orí wáyà náà dání.

"Dókítà, ṣé ewúrẹ́ yìí ti ń lo ọ̀bẹ ni?"

Dókítà wo wáyà náà. Ó ti gé gérégé. Ó wo ilẹ̀.

Bàbá Oníná dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Mo fẹ́ lọ wo nǹkan kan níta," ni wọ́n wí, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níta.

"Sísí, ẹ má bínú," ni Dókítà wí. "Mo wá ọ̀nà tí mo máa gbà wá síbí láìba nǹkan kan jẹ́. Mi ò rí i."

"Ẹ ò bá kàn wá."

"Kí n wá, kí n ní kí ni?"

"Kẹ́ ẹ ní ẹ káàsán."

Láti ọjọ́ náà, Dókítà ń wá sọ pé ẹ káàsán. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀ nígbà mìíràn. Tó bá wà lójú ọ̀nà oko, á pe Sísí látinú ọkọ̀, á máa sọ ohun tó ń rí fún un: òjò tó ṣú sọ́nà ibẹ̀ yẹn, àgùntàn tó sùn sáàárín ọ̀nà tó kọ̀ tí kò dìde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé láti máa pe ara wọn ní "ẹ". Ọjọ́ tí "ìwọ" kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Sísí, Dókítà pa ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní kó tún un sọ.

Síbẹ̀, ọkàn Sísí ò balẹ̀ tán. Ọkùnrin kan ti wá rí tó fẹ́ràn rẹ̀ títí dìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, tó wá ní kó wá iṣẹ́ tó bá obìnrin mu. Láti ọjọ́ yẹn, tí inú rẹ̀ bá ti ń dùn jù, á wo èékánná ara rẹ̀, á sì rọra fa ọwọ́ sẹ́yìn. Dókítà rí i. Kò béèrè.

Lọ́jọ́ kan, Dókítà gbé e lọ sí oko àgbẹ̀ ọjọ́ gọ́tà yẹn, torí ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àwọn ẹran ibẹ̀ ti kú. Wọn ò tíì dé ibẹ̀ tí àgbẹ̀ fi pè. Rédíò dákẹ́, ohùn rẹ̀ jáde. Màlúù mìíràn ló tún ń rọbí. "Mo ti sún mọ́ ọ̀dọ̀ yín," ni Dókítà dá a lóhùn. Rédíò ò padà sọ̀rọ̀, wọn ò sì kíyè sí i.

"Sísí."

"Ùn?"

"Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi, mi ò sì lè wo ojú ẹ sọ ọ́, torí ìwọ lo ní kí ọwọ́ mi méjèèjì máa wà lórí sítíárìn, kí ojú mi máa wà lọ́nà."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Sísí kọjú sí fèrèsé. Igi ń kọjá lọ, ó ń kọjá lọ. "Ṣé o máa ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?" ló béèrè.

"Tó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò máa bá mi so wáyà tí mo bá gé?"

Sísí la ẹnu láti dáhùn. Ibẹ̀ ni sípíkà ti wúkọ́.

"Sísí, ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ohùn àgbẹ̀ wí, "ẹ tètè dá a lóhùn. Màlúù mi ti kúnlẹ̀."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Dókítà ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Mo gbà!" ni Sísí kígbe, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ àti ẹni tó wà lóko lè jọ gbọ́ ọ. "Ẹ kú oríire o," ni àgbẹ̀ dáhùn. "Ó yá, ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀rín ọjọ́ náà ò pẹ́. Dókítà lọ bá ìyá rẹ̀, ó padà wá pẹ̀lú ojú tó fà ro. Màmá ò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì. Gbàrà tí wọ́n gbọ́ pé ọkọ̀ ni ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ń tún ṣe, wọ́n ní kó dìde kúrò nílé àwọn. Ṣé obìnrin tó ń run epo ọkọ̀ ṣeé mú jáde láwùjọ?

"Jẹ́ kí wọ́n tutù díẹ̀," ni Dókítà wí fún Sísí. "Mo mọ ìyá mi. Wọn kì í bínú pẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, fóònù Sísí dún lórí tábìlì. Màmá ni.

"Olóhùn-iyọ̀ mi, ṣé o ráyè? Ọ̀rọ̀ fóònù kọ́ o."

"Ẹ máa wí, Màmá."

"Ọmọ mi fẹ́ pa mí. Ó ní òun ti rí ìyàwó. Mo yọ̀, mo fò sókè. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó ní ọkọ̀ ló ń tún ṣe! Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́."

Ohun tí Sísí fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀. "Ṣé torí pé ọwọ́ ẹ̀ á máa dọ̀tí ni, Màmá?"

"Ohun tí mo sọ fún òun nìyẹn. Ìwọ, màá sọ òótọ́ fún ẹ." Ohùn Màmá yí padà, ó wá lọ sílẹ̀. "Ọkọ̀ ni bàbá ẹ̀ ń tún ṣe. Ọ̀sán gangan báyìí ni wọ́n wá pè mí. Jáàkì ló yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, Olóhùn-iyọ̀. Bàtà tí mo rà fún un ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọ yìí ò tíì máa rìn nígbà náà. Mo ní ọkọ̀ ló pa bàbá ẹ̀, òun sì rò pé ojú títì ni. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un dòní. Ṣé kí wọ́n tún wá máa pè mí wá wo ìyàwó ilé mi lábẹ́ ọkọ̀? Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ bíi tiẹ̀ ni ẹ́, á gbọ́ tìẹ. Ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Ibi tó yẹ kí Sísí ti sọ pé "Èmi ni" nìyẹn. Ó la ẹnu. "Mo gbọ́, Màmá," ló jáde.

Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá Oníná rí i tó mú wáyà dúdú gbé kọ́ ìṣó wáyà pupa, wọ́n ní kó wá jókòó. Ó ròyìn ohun gbogbo.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni Bàbá béèrè.

"Mi ò mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi, Bàbá. Wọ́n kórìíra mi. Èmi kan náà."

Bàbá fi aṣọ nu dígí ojú wọn. "Tó o bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ torí wọn, mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì pé ìwọ ni. Ìyẹn ló máa le ju epo ọkọ̀ lọ."

Nígbà tó sọ fún Dókítà pé òun ni ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnu Dókítà là sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ojú Sísí.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

"Àwọn ló máa sọ ọ́ fún ẹ. Kò tọ́ sí èmi."

"Jẹ́ kí n bá ẹ lọ nígbà náà."

"Èmi ni mo dákẹ́. Èmi ni màá lọ sọ̀rọ̀."

Kò lọ wọ aṣọ dáadáa. Ó kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, pẹ̀lú aṣọ búlúù lọ́rùn, sukudiráfà ṣì wà nínú àpò. Ilé Màmá mọ́ tónítóní, kọ́tìnnì funfun ló wà lójú fèrèsé, wọ́n sì ti gbá ẹnu ọ̀nà. Sísí kanlẹ̀kùn. Màmá yọjú, wọ́n wo aṣọ náà, ojú wọn le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ta lò ń wá?"

Sísí kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Màmá. Èmi ni Olóhùn-iyọ̀."

Kò sí ẹni tí ò ní mọ ohùn yẹn. Inú Màmá dùn, ó hàn lójú wọn. Àfi bí wọ́n ṣe tún wo aṣọ náà. Wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni ọmọ yín fẹ́ fẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ pè mí lánàá yìí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ò ní pè mí mọ́."

"O jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn dópin! Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ọmọ bíbí inú mi!"

"Mi ò tíì sọ ọ́ fún un, mà. Mi ò sì ní sọ ọ́."

Màmá nawọ́ sójú ọ̀nà. "Máa lọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Wọn ò gbá a mọ́ ọn lójú. Wọ́n rọra tì í ni, ìyẹn ló sì dun Sísí jù.

Fóònù dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń pè, Dókítà ń pè, àgbẹ̀ pàápàá pè láti béèrè ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìpè tí Sísí ń retí ò wọlé. Ó fi ara rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún iná ọkọ̀ tí kò tiẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Nígbà tó ti ń rò ó pé bóyá kóun sọ fún Dókítà kó wá ẹlòmíì, fóònù dún.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o," ni Màmá wí. Wọn ò kí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fóònù mi kọ nǹkan kan sójú, kò sì fẹ́ kúrò. Kí ni kí n tẹ̀?"

Sísí sọ ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Nǹkan náà kúrò. Màmá ò pa fóònù.

"Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè níbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí lẹ́yìn-ọ-rẹ̀yìn, "kí lẹ máa ń fi sábẹ́ ẹ̀?"

Omi lé sí Sísí lójú. "Ẹ wá wò ó, Màmá."

Wọ́n wá. Ọjọ́ kejì ni, pẹ̀lú báàgì lápá àti ojú tó le koko. Dókítà ló gbé wọn wá, ojú rẹ̀ pupa díẹ̀, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú fún un, tí àwọn méjèèjì sì jọ sunkún. Bàbá Oníná dìde, wọ́n kí wọn bí ó ti yẹ. Màmá dáhùn ní ṣókí. Wọ́n lọ tààrà síbi ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sókè.

Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló gbé ọkọ̀ náà dúró, wọ́n nípọn, ìsàlẹ̀ wọn sì fẹ̀. Màmá fi ọwọ́ mi èkíní. Kò mì. Wọ́n gbé báàgì wọn fún Dókítà, wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ta èkejì. Kò mì. Ẹsẹ̀ tiwọn ló dùn wọ́n.

"Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè ni, kì í dì í mú," ni Bàbá Oníná wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Èmi ò gbọdọ̀. Ọmọ mi ò gbọdọ̀. Inú ọkọ̀ ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ jù, nídìí wáyà. Mi ò bí méjì, Ìyá Dókítà. Òun nìkan ni mo ní."

Màmá yíjú sí Bàbá. "Èmi náà, ọ̀kan náà ni," ni wọ́n wí. Wọ́n gbọ́wọ́ lé irin náà, wọn ò sì gbé e kúrò. "Ká ní ó rí irú èyí nígbà náà…" Wọn ò parí rẹ̀.

Sísí dúró lẹ́yìn wọn, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó ti ń fà á sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀. Màmá yíjú, wọ́n na ọwọ́ tiwọn, wọ́n gba ọwọ́ náà mú pẹ̀lú epo àti gbogbo ẹ̀. Wọ́n wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ yìí ò burú," ni wọ́n wí. "Ó gbóná. Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ọ lóhùn ẹ lánàá." Wọ́n gba báàgì wọn lọ́wọ́ Dókítà, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ jáde nínú rẹ̀, ó ṣì gbóná. Wọ́n ti gbé e wá látilé. Dókítà bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó yé e pé ìyá òun ti gbà kí wọ́n tó jáde nílé, wọ́n kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta nǹkan ni.

Ìgbéyàwó wọn ò pariwo. Àgbẹ̀ wá, ó ní òun ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Bàbá Oníná fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ò jẹ́. Màmá ló bá wọn sọ ọ́, wọ́n sọ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n sì fi àsìkò náà sọ fún gbogbo èèyàn pé àwọn mọ fóònù lò dáadáa báyìí.

Ilé ń sú Màmá láti ìgbà náà. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á wá jókòó sí ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Oníná, wọ́n á jọ máa jiyàn lórí ohun tí rédíò ń sọ. Àwọn ló ń gba àwọn oníbàárà, àwọn ló ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má kánjú. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin olówó kan gbé ọkọ̀ tuntun wá, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ṣe fóònù sínú rẹ̀. Ó dúró ń wo Sísí tó ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó wá tẹ̀ sétí Màmá.

"Màmá, ọmọ yẹn mà dáa o. Ṣé ọmọ yín ni?"

"Rárá," ni Màmá wí. "Ìyàwó mi ni."

Ọkùnrin náà ò gbọ́ ọ yé. "Ìyàwó ọmọ yín, àbí?"

Màmá tún ìró wọn so mọ́dìí, wọ́n gbé àga wọn sún mọ́ ọkọ̀ tí Sísí wà nínú rẹ̀.

"Tèmi ni mo wí," ni wọ́n dáhùn. "Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọ mi kàn bá mi gbé e wálé ni."